Lẹ́tà Tí Bàbá Kọ sí Ọ̀gá Onípẹ́ńsù

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, kí Màmá náà kú ìtọ́jú yín. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ó ti ń gbà kí ẹ dìde láìké sí ẹnikẹ́ni? Èmi wà láàyè, mò ń jẹun, mò ń sùn díẹ̀. Òtútù ibí ti dínkù, ṣùgbọ́n irin ò tíì gbọ́. Tí mo bá di sípánà mú láàárọ̀, ó di ìgbà tí mo bá fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ọwọ́ mi kí n tó mọ̀ pé ó ṣì wà lára mi.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n jókòó. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì yìí, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, mo sì fọwọ́ sí i láìkà á. Gbogbo àwọn tó ń tún bọ́ọ̀sì ṣe ló wà nínú ẹgbẹ́ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ni akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tí mo máa ń pè ní Ọ̀gá Onípẹ́ńsù, torí pẹ́ńsù kì í kúrò létí rẹ̀, kódà tó bá ń jẹun. Òun ló dúró fún mi nígbà tí mo gbàgbé láti dé ìdí ẹ́ńjìnnì pa, tí ọ́ílì dà kún gbogbo ilẹ̀, tí wọ́n fẹ́ lé mi. Ó ní, "Ta ni kì í da nǹkan nù nígbà tó ń kọ́ṣẹ́?" Bí mo ṣe wà níbí lónìí, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni.

Wàyí o, ẹgbẹ́ tuntun ti dé. Obìnrin kan tó ń tún wáyà bọ́ọ̀sì ṣe, Oníwáyà là ń pè é, òun ló gbé e dìde. Ọ̀rọ̀ Sùúrù ló fà á. Èmi àti Sùúrù la jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, kò sì sí ohun tó lè mú un kánjú. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Sùúrù. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ó wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì, jáàkì ńlá tó gbé bọ́ọ̀sì náà sókè sọ̀ kalẹ̀ lójijì, ó sì fún ìka rẹ̀ méjì mọ́ irin. Wọ́n gé ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Sùúrù, Bàbá! Wọ́n ní Sùúrù ò farabalẹ̀. Ẹgbẹ́ wa sì fọwọ́ sí ìwé náà. Ọ̀gá Onípẹ́ńsù gan-an ló fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́ o, bírò ni, kó má ba à ṣeé pa rẹ́.

Nínú ẹgbẹ́ àtijọ́, àwa ọmọ iṣẹ́ kì í dìbò. Ẹ̀yìn là ń jókòó sí, a ó sì máa pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ tuntun ní àwa náà yóò máa dìbò, àwọn yóò sì gbé ọ̀rọ̀ Sùúrù dìde. Ẹni tó bá fẹ́ yí padà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kí oṣù karùn-ún tó parí. Ṣùgbọ́n ìwé iṣẹ́ mi, èyí tí mo máa mú lọ síbi ìdánwò ní òpin oṣù kẹfà, Ọ̀gá Onípẹ́ńsù ló ń fọwọ́ sí i. Ó ku ojú ìwé kan ṣoṣo. Tí mo bá fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tí inú bí i, ọdún mẹ́ta mi wọgbó nìyẹn.

Mò ń rìn yí yàrá mi ká ṣáá. Láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé, ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni, mo ti kà á títí ó ti sú mi. Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin náà ṣe mẹ́káníìkì ọkọ̀ akẹ́rù fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, ẹ sì ti ṣe alága ẹgbẹ́ rí. Ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ẹ jọ̀wọ́, kó má kọjá etí ẹ̀yin àti Màmá.

Èmi ni ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. O bèèrè orúnkún mi lẹ́ẹ̀kan, o wá fi gbogbo ìyókù sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Orúnkún náà ní kí n kí ọ. Ìyá rẹ ní ṣé o ti ra bàtà tí omi ò ní wọ̀. Láti oṣù kejìlá ló ti ń bèèrè, o ò dáhùn.

Ìdáhùn tèmi ò gùn: má ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ kì í yan ẹgbẹ́. Ibi tí ọ̀gá bá wà ni ọmọ iṣẹ́ ń wà. Nígbà tí mo ṣe alága, ọmọ iṣẹ́ tó bá bínú kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láìgba ìwé, kò sí gáréèjì kankan tó máa gbà á. A máa ń ránṣẹ́ káàkiri ni. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ọwọ́ mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà ọ̀hún. Ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń di sípánà mú, tó dúró fún ọ lọ́jọ́ tí o da ọ́ílì sílẹ̀, ṣé òun lo fẹ́ kẹ̀yìn sí lọ bá ẹni tó dé lánàá? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ti ọmọ tí ẹ ń pè ní Sùúrù dùn mí. Sọ fún mi: jáàkì yẹn, ṣé ṣàdédé ló sọ̀ lọ́jọ́ náà, àbí ó ti ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣé ẹ máa ń rí ọ́ílì nídìí rẹ̀? Àwọ̀ wo ni ọ́ílì ọ̀hún ní? Má fi ojú ọ̀rẹ́ Sùúrù dáhùn o, ojú mẹ́káníìkì ni kí o fi dáhùn.

Ní ti ọ̀gá rẹ, fọkàn balẹ̀. Mo mọ ohun tí bàbá ń ṣe nírú àkókò báyìí, mo sì máa ṣe é.

Ra bàtà.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmọ̀ràn. Ẹ kú orúnkún, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin, kí ẹ má tún sọ pé mi ò bèèrè. Mo ti ra bàtà. Omi ò wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń dún tí mo bá ń rìn, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ti ń mọ̀ tí mo bá ń bọ̀.

Ẹ má bínú, Bàbá, ọ̀rọ̀ mi ò yé yín. Èmi ò ní mo fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Níbí, ọ̀gá kọ́ ló ni gáréèjì. Òun náà ń gbowó oṣù bíi tèmi ni. Èèyàn lè yí ẹgbẹ́ padà láàárọ̀ kó sì wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì kan náà pẹ̀lú ọ̀gá kan náà lọ́sàn-án. Bí ìwé ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni ojú tí ọ̀gá máa fi wò mí, àti ojú ìwé kan tó kù yẹn. Èyí tó kù náà sì ni ti gbígbé bọ́ọ̀sì sókè. Jáàkì, Bàbá. Ẹ ò rí ayé bí?

Ẹ ní kí n fojú mẹ́káníìkì dáhùn. Ó ti ń sọ̀ tẹ́lẹ̀. Tí a bá gbé bọ́ọ̀sì sókè tí a lọ mu tíì, tí a bá fi máa padà, ó ti wá sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Ọ́ílì máa ń wà nídìí rẹ̀, àwa ọmọ iṣẹ́ la máa ń nù ún. Ó pọ́n, ó sì dúdú díẹ̀. Láti oṣù kìíní la ti ń sọ ọ́. Wọ́n ní kí a tẹra mọ́ ìnùlẹ̀.

Sùúrù ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fún un. Ó ń gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ wa ká, kò sì bi mí bóyá mo ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tàbí mi ò tíì fọwọ́ sí i. Ìbá kúkú bi mí. Oníwáyà ní tiẹ̀ ń bi mí lójoojúmọ́. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi, ó ti ń kún fún gíríìsì.

Kí lẹ ní ẹ fẹ́ ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi.

Abẹ́rẹ́ yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Bàbá,

Kí lẹ ṣe fún mi yìí?

Ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti ń retí lẹ́tà yín. Ojoojúmọ́ ni mò ń yọjú sí àpótí lẹ́tà nísàlẹ̀ ilé tí mò ń gbé. Mi ò mọ̀ pé ibi iṣẹ́ lẹ kọ̀wé sí, pé kì í sì í ṣe èmi lẹ kọ ọ́ sí.

Lánàá, nígbà ìsinmi tíì, Ọ̀gá Onípẹ́ńsù pè mí sí ọ́fíìsì. Àpòòwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Sí Ọ̀gá Àgbà Tó Ń Kọ́ Ọmọ Mi Níṣẹ́." Ẹ fi èdè wa kọ ọ́, gàdàgbà-gadagba! Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbé e kiri látorí tábìlì kan sí òmíràn kí ẹnìkan tó dá sítáǹpù ilé wa mọ̀, tó ní ọ̀dọ̀ mi ló máa já sí. Ọ̀gá ní, "Wọ́n ní láti ilé yín ni. Kà á fún mi."

Mo ṣí i. Tákàdá méjì ni, tojú tẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sínú kí n lè túmọ̀ rẹ̀. "Ọ̀gá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín láti ibi tí mo wà. Ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ níṣẹ́ fẹ́ fi ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ tuntun. Ẹ má torí rẹ̀ bínú sí i..." Bàbá! Etí mi dí. Ọkùnrin náà dúró síwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí. Mo sì ní kó má kọjá etí yín!

Mo purọ́. Mo ní bàbá mi ń kí yín. Ó ní òun dúpẹ́ pé ẹ dúró fún ọmọ òun nígbà ọ́ílì. Ó ní ọmọ tó bá rí irú ọ̀gá báyìí, ó ríṣẹ́, ó tún rí bàbá. Ibi tí mo ti rí gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò mọ̀. Nígbà tí mo dé ìdí tákàdá kìn-ín-ní mo ká a jọ. Ó ní, "Tákàdá méjì fún ìkíni?" Mo ní nílé wa, a máa ń kí èèyàn kúnnákúnná.

Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n òun rèé nínú iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó fi lẹ́tà dúpẹ́ lọ́wọ́ òun rí. Ó gba lẹ́tà náà padà, ó lọ fi há inú pátákó ìkéde ẹgbẹ́, èyí tó ní gíláàsì, ó tì í pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń wo ìwé kíkọ yín. Tí ẹnìkan ṣoṣo tó gbọ́ èdè wa bá gba ibẹ̀ kọjá, ó parí fún mi.

Kò tán síbẹ̀. Ó ní ní ìpàdé àwọn ọmọ iṣẹ́, ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó ń bọ̀, kí n dìde sọ fún wọn ohun tí bàbá mi sọ, kí wọ́n lè mọ irú ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀.

Ta ló rán yín níṣẹ́ ẹ̀bẹ̀? Kí ni mo ṣẹ̀ tí ẹ fi ń dọ̀bálẹ̀ nítorí mi?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Abẹ́rẹ́,

Mi ò kí ọ lónìí. Tí inú mi bá rọ̀ kí n tó dé ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí, màá kí ọ níbẹ̀.

Mo ti dàgbà tó èyí, ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu rí. Ìwọ tí mo bí lo wá ṣe é. Tí ẹ̀rù bá bà ọ́, o lè ní ojú ń dùn ọ́. O lè ní ìwé kíkọ mi ò ṣeé kà, irọ́ kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n o mú lẹ́tà tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan rò, o sọ ọ́ di orin ìyìn. Ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó báyẹn, mo rò pé wọn ò lè ṣàìní akọ̀wé kan tó gbọ́ èdè wa. Tí mo bá mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n máa fún, n kì bá tí kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

O ní nígbà tí o dé ìdí tákàdá kìn-ín-ní o ká a jọ. Ìbéèrè kan ni mo ní: ṣé o ka tákàdá kejì? O ò kà á. Mo mọ̀ pé o ò kà á, torí tí o bá kà á ni, o ò ní kọ irú lẹ́tà tí o kọ sí mi yìí. Má ní kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi kì í kọ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ náà ló wà, nínú gíláàsì. Lọ kà á.

Mo ti dé ìsàlẹ̀. Inú mi ò tíì rọ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Abẹ́rẹ́ mi,

Bàbá rẹ ń wẹ̀, mo yára kọ èyí. Má sọ pé mo kọ ọ́.

Láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé, ó kàn ń dìde, ó ń jókòó. Oúnjẹ á wà níwájú rẹ̀, á ní òun ń bọ̀, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ, ó wọ ọkọ̀ méjì lọ sí gáréèjì kan tí wọ́n ti ní irú jáàkì tí o sọ. Ó kúnlẹ̀ sórí orúnkún yẹn láti wo abẹ́ rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, èmi ni mo ń fà á dìde. Mi ò mọ ohun tó kọ, ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́káníìkì ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ya mẹ́rin sọnù kó tó kọ èyí tó fi ránṣẹ́.

Orí kunkun kan náà ló wà lọ́rùn ẹ̀yin méjèèjì. Lọ ka ìwé náà, jọ̀ọ́. Kó sì jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Omi ti dákẹ́, ó ń jáde bọ̀.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Lẹ́tà yín dé, mo sì fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kan rìn kọjá níwájú gíláàsì yẹn. Tákàdá kìn-ín-ní ló bo èkejì, etí èkejì díẹ̀ ló yọ. Mi ò lè ní kí ọ̀gá ṣí i. Kí ni màá ní mò ń wá nínú lẹ́tà tí mo ti kà fún un?

Ọjọ́ ìpàdé pé. Yàrá ìjẹun la lò, nǹkan bí ọgbọ̀n ọmọ iṣẹ́, àwọn àgbà díẹ̀, Oníwáyà náà wà lẹ́yìn, ó ká ọwọ́ gbera. Sùúrù fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ọ̀gá Onípẹ́ńsù sọ̀rọ̀, ó wá ní, "Ó yá, sọ ohun tí bàbá rẹ sọ." Mo dìde. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ kò wá mọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó jù ú sí mi. Mo ṣí gíláàsì, mo mú lẹ́tà náà, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Pé mo fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Pé ẹ dọ̀bálẹ̀. Gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀rín ojú ọ̀gá kú. Mo ṣí tákàdá kejì. Níwájú gbogbo wọn ni mo ti kọ́kọ́ kà á, Bàbá. Ẹ dárí jì mí.

"Ọ̀gá mi, ẹ̀bẹ̀ parí ní tákàdá kìn-ín-ní. Mẹ́káníìkì ló ń bá mẹ́káníìkì sọ̀rọ̀ báyìí. Jáàkì tó bá ń sọ̀ ní ìwọ̀n ìka kan kí èèyàn tó mu tíì tán, ẹ wo rọ́bà tó yí ìdí ọ̀pá rẹ̀ ká. Tó bá ti là, ọ́ílì á máa jò, á pọ́n, á dúdú díẹ̀. Ọmọ mi ní bó ṣe rí nìyẹn. Ìka ọmọ yẹn kọ́ ló sọ jáàkì kalẹ̀. Èmi náà ti ṣe alága ẹgbẹ́ rí, mo ti fọwọ́ sí ohun tí mi ò yẹ̀ wò, mo mọ bó ṣe ń rọrùn tó. Ẹ lọ wò ó. Tí ẹ bá rí i pé irọ́ ni mo pa, ẹ lé ọmọ mi. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́."

Ọ̀gá bi mí pé, "Kí wá ni o kà fún mi lóṣù kẹrin?" Mo ní irọ́ ni. Mo ní, "Ẹ̀rù yín ló bà mí." Mo rò pé ẹgbẹ́ ló máa fi bínú, Bàbá. Ohun tó sọ ni pé, "Nígbà náà, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó ń wo ilẹ̀. Kò sí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí. Mo ní, "Èmi dúpẹ́. Ìyẹn kì í ṣe irọ́." Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó jáde, gbogbo wa tẹ̀ lé e.

Òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Rọ́bà náà ti là láti etí dé etí. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e lọ síbi tí Sùúrù dúró sí, ó fi hàn án. Ó ní, "Mi ò wò ó." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Lọ́jọ́ kejì mo mú fọ́ọ̀mù lọ bá a ní ọ́fíìsì, mo sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Mi ò fẹ́ ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Pẹ̀lú bí mo ṣe rí rọ́bà náà?" Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ rí i, ẹgbẹ́ kọ́ ló rí i. Láti oṣù kìíní la ti ń sọ ọ́. Tí bàbá mi ò bá kọ̀wé, ta ni ì bá wò ó?" Ó ní kí n jáde. Mo jáde.

Ó ti kọ̀wé pé òun gba ìfọwọ́sí òun kúrò lórí ìwé Sùúrù. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì ti ní kó fi ipò akọ̀wé sílẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta kò bá mi sọ̀rọ̀ àfi ti iṣẹ́. Mo mú ìwé iṣẹ́ mi lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun kì í fọwọ́ sí ohun tí òun ò rí mọ́. Mo rò pé ó ti tán.

Lánàá ó gbé rọ́bà tuntun sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Tún un ṣe." Àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ti ń rọ̀ kí n tó parí. Sùúrù ń na irinṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tí ìka ò pé mọ́. Mo gbé bọ́ọ̀sì sókè. Ọ̀gá lọ bu tíì kan, ó gbé e dání, ó wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì náà, ó dúró síbẹ̀ láìyára, ó mu ún tán. Mo di ojú mi. Nígbà tó jáde, ó ní kí n mú ìwé wá, ó sì fọwọ́ sí i. Kò wo ojú mi.

Mi ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí. Èmi náà ò tíì dárí jì yín tán. Tí ẹ bá ti mọ ọ̀rọ̀ jáàkì, kí ló dé tí ẹ fi kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀? Ẹ ò dá mi lóhùn. Ta ló rán yín níṣẹ́ ẹ̀bẹ̀?

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọ fún èyí tí mi ò kí ọ lóṣù kẹrin náà.

Mo ka lẹ́tà rẹ sókè fún ìyá rẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀gá rẹ wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì, ó ní kí n tún un kà. Ó wá bèèrè bóyá ṣúgà wà nínú tíì náà. Má dá a lóhùn.

Inú mi ò dùn pé o fi ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, mi ò sì ní díbọ́n pé ó dùn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lo ti ṣe é. Tí àwọn tuntun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ohun tí wọn ò wò, àwọn náà ni kí o bá wí.

Ìbéèrè rẹ. Ààbọ̀ ni ìyá rẹ pàápàá mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún kejì tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo bá ọ̀gá mi jiyàn níwájú oníbàárà. Mo ní bíréèkì ọkọ̀ náà ò tíì dáa, ó ní ó ti dáa. Ó ní kí n kúrò, àfi tí bàbá mi bá wá bẹ òun. Mo jókòó sórí táyà kan lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní àràárọ̀ màá wọ aṣọ iṣẹ́ mi, màá lọ jókòó síbẹ̀. Bàbá mi gbọ́. Ọ̀nà ibẹ̀ ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, á sì rí mi. Ó ní ẹnu tí mo fi kó bá ara mi ni kí n fi yọ ara mi. Lọ́jọ́ keje mo dìde, mo lọ bá ọ̀gá mìíràn, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí irin fífọ̀. Ọdún márùn-ún ni mo tún fi kọ́ ọ. Nígbà tí mo wá di alága, èmi náà ló ń kọ̀wé káàkiri kí wọ́n má gba àwọn ọmọ ẹlòmíràn. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.

Òótọ́ ni mo sì sọ nípa bíréèkì yẹn.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́, mi ò ronú kan ẹgbẹ́ tàbí ìbò mọ́. Orí táyà ni mo rí ọ. Mi ò lè wọ ọkọ̀ wá, orúnkún ò jẹ́, ọ̀nà sì jìn, ni mo ṣe kọ̀wé. Má rò pé mo bẹ̀ ẹ́ torí pé o ṣẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo, mi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí o gbójú sókè kí o rí i pé bàbá rẹ ń bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ